Bí ẹ ṣe lè yẹ iṣẹ́ àdúgbò wò kí ẹ tó dáwọ́ lé e: ìtọ́sọ́nà fún ẹgbẹ́ lándíọ́ọ̀dù, ọjà àti kánsù ní Òṣogbo

Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo yóò ti rí irú rẹ̀. Wọ́n á gbé pátákó kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwòrán ilé aláràbarà á wà lára rẹ̀, katakata á dé, ìpìlẹ̀ á sì ti gòkè kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tí omi òjò yóò gbà kọjá. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò tó bá dé lẹ́yìn tí owó ti wọlẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju "ẹ máa bá iṣẹ́ lọ". Ìgbà tí ẹ ṣì lè sọ pé "rárá", tàbí "ẹ jẹ́ ká gba ibòmíràn", ni kí ẹ ṣe é.

Àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ti wà tipẹ́. Òfin tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ní 1969 ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di dandan fún iṣẹ́ ìjọba, òmíràn sì tẹ̀ lé e káàkiri ayé. Ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń wò jù. Àyẹ̀wò ìtọ́jọ́ tí à ń sọ níbí gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń béèrè bóyá iṣẹ́ náà yóò mú oúnjẹ wọlé, bóyá yóò dá ilẹ̀ àti omi sí, bóyá kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, lónìí àti fún àwọn tí a ò tíì bí. Ìgbìmọ̀ Brundtland ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló sọ èrò yìí di gbajúmọ̀ ní 1987.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ká sọ pé àdúgbò kan nílùú wa ní ilẹ̀ gbalasa létí odò kékeré tó ń ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun, ẹgbẹ́ lándíọ́ọ̀dù àti kánsù sì fẹ́ kọ́ ìsọ̀ 40 síbẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ẹ má wá àdúgbò náà kiri.

1. Ẹ kọ ìṣòro yín sílẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun

"A fẹ́ kọ́ ìsọ̀ 40" kì í ṣe ìṣòro. Ojútùú tí ẹnì kan ti gbé wá látilé ni. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn ìyá tó ń ta ata àti gbúre ń pàtẹ sójú títì, kẹ̀kẹ́ Maruwa ń gbá wọn, òjò sì ń ba ọjà wọn jẹ́. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ báyìí, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́. Ẹ kọ ọ̀nà mẹ́rin ó kéré tán:

A. Ìsọ̀ tuntun 40 létí odò.
B. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lórí ilẹ̀ ọjà àtijọ́ tó ti wà ládùúgbò náà.
D. Kí ẹ tún gọ́tà, òrùlé àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà àtijọ́ ṣe, kí ẹ sì ya àyè sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń pàtẹ sójú títì.
E. Kí ẹ má ṣe nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ló máa ń fo E, bẹ́ẹ̀ òun ni a fi ń wọn àwọn tó kù. Ẹ má sì rò pé ṣíṣàìṣe nǹkan kan túmọ̀ sí pé nǹkan dúró sójú kan: gọ́tà tó dí lónìí yóò tún dí sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ọ̀nà kan ṣoṣo bá wà nínú ìwé tí wọ́n gbé wá bá yín, ẹ dá a padà kí ẹ tó kà á jìnnà.

2. Ẹ wo ohun tí òfin ń béèrè

Lẹ́yìn tí wọ́n wá da ìdọ̀tí olóró láti Ítálì sí Kókò, ìlú kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ jí gìrì sí ọ̀rọ̀ àyíká. Òfin nọ́ńbà 86 ti 1992, tó wà nínú àkójọ òfin 2004 gẹ́gẹ́ bí Orí E12, ni òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́. Abala kejì rẹ̀ sọ pé ìjọba tàbí aládàáni kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ ro ipa rẹ̀ lórí àyíká láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Abala kẹrin ní kí ìwé àyẹ̀wò ṣàlàyé àwọn ọ̀nà mìíràn tó ṣeé gbà, ipa ojú ẹsẹ̀ àti ti ọjọ́ iwájú, àti èyí tó ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀. Abala keje ní kí wọ́n fún ará ìlú láǹfààní láti sọ tẹnu wọn kí ìpinnu tó wáyé. Ẹ há abala mẹ́ta yìí sórí. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kì í pariwo nípàdé, yóò kàn béèrè: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀nà mìíràn wo lẹ wò?"

Òfin ètò ìlú, nọ́ńbà 88 ti ọdún kan náà, ní tirẹ̀ sọ ìwọ̀n. Ẹni tó bá ń tọrọ àṣẹ láti lo ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 2 fún ilé gbígbé, tàbí láti kọ́ ilé iṣẹ́ tàbí ọ́fíìsì tó ju àjà mẹ́rin lọ tàbí tí àyè tó ṣeé yá nínú rẹ̀ ju 5,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, tàbí ibi ìgbafẹ́ ńlá, gbọdọ̀ fi ìwé àyẹ̀wò ipa tì í. Ìsọ̀ 40 tiwa lè má dé ìwọ̀n yẹn. Kíkéré rẹ̀ kò sọ pé kò lè ṣèpalára, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi máa fúnra yín ṣe é. Ẹ kàn sí ọ́fíìsì ètò ìlú fún ìwọ̀n tí ilé gbọdọ̀ fi jìnnà sí odò, kí ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Fún iṣẹ́ tí òfin àpapọ̀ bá kàn, ilé iṣẹ́ àyíká ti ìjọba àpapọ̀ ni ẹ ó fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn yóò wá wo ilẹ̀, ẹ ó fẹnu kò lórí ohun tí àyẹ̀wò yóò dá lé, wọ́n á fi ìwé tí ẹ kọ hàn fún ará ìlú fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n á sì fúnni níwèé ẹ̀rí.

3. Ẹ pa ààlà: títí dé ibo, títí di ìgbà wo?

Ibi tí àyẹ̀wò ti máa ń bà jẹ́ jù nìyí. Ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dára lójú yóò fi ògiri ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ààlà, gbogbo ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri á di tẹlòmíràn.

Omi kì í tẹ̀ lé ìwé sọ́fè ilẹ̀. Ọ̀ṣun ń ti òkè Èkìtì bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń lọ títí dé ọ̀sà lápá Èkó. Ìwakùsà góòlù lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni ìròyìn ti ń dárúkọ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ohun tó sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀ pupa lójú àwọn tó wá sí ọdún rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Àwọn tó ń wakùsà kò sí ní Òṣogbo, ìpalára ló dé Òṣogbo. Nítorí náà ẹ ya àwòrán ibi tí omi ti ń wá àti ibi tó ń lọ: ihò omi abẹ́ títì (kọ́fáàtì) wo ló ń gbà, ilé ta ló wà nísàlẹ̀, ṣé iwájú Igbó Ọ̀ṣun ló ti ń wọ odò ńlá ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Igbó náà, hẹ́kítà 75, ti wà nínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti 2005. Ní 2022 ni UNESCO àti àwọn àjọ tó ń gbà á nímọ̀ràn tẹ ìtọ́sọ́nà jáde lórí bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ tó lè kan irú ibẹ̀ wò, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ohun tí mo ń sọ: ẹ má dúró sí etí odi. Ìlú wa tún pín sí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá. Bí odò bá ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, kánsù méjèèjì ni kó jókòó.

Ní ti ìgbà, ẹ mú ọdún 30. Ilé bíríkì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lónìí yóò ti máa san owó ìsọ̀ nígbà yẹn.

4. Ẹ lọ wo ilẹ̀, kí ẹ lọ wò ó nígbà òjò

Ẹ má lọ wo odò ní oṣù Kejì kí ẹ wá jábọ̀ pé kékeré ni. Òjò wa ń le ní oṣù Kẹfà sí Keje, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Kẹjọ, ó tún ń le ní Kẹsàn-án. Bí ẹ kò bá lè dúró di ìgbà yẹn, ògiri yóò sọ fún yín: ẹ wá ìlà ẹrẹ̀ lára ilé àti ẹsẹ̀ igi, ẹ fi téèpù wọn ún láti ilẹ̀, ẹ kọ ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Lẹ́yìn náà ẹ bi àwọn ìyá àgbà tó ti pẹ́ níbẹ̀ léèrè ibi tí omi dé rí. Ẹ bi ju ẹnì kan lọ, ẹ má sì bi wọ́n pọ̀, nítorí bí àgbà kan bá ti sọ̀rọ̀, àwọn tó kù lè kàn gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ ka kànga tó wà láàárín ilẹ̀ náà àti odò. Ẹ ka igi. Ẹ ka àwọn tó ń pàtẹ ní ọjọ́ ọjà àti ní ọjọ́ lásán, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n lè san. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì: ìsọ̀ tí olóúnjẹ kò lè san owó rẹ̀, oníṣòwò fóònù ni yóò gbà á, ata á sì padà sójú títì.

5. Ẹ fa àpótí

Ní 1971, Luna Leopold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń wádìí ilẹ̀ àti omi ní Amẹ́ríkà fa àtẹ kan tó lókìkí: iṣẹ́ 100 tí èèyàn lè ṣe lókè, ohun 88 nínú àyíká lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àpótí 8,800 nìyẹn. Nínú àpótí tó bá kàn ọ́, wàá kọ nọ́ńbà méjì láti 1 sí 10, ọ̀kan fún bí ipa náà ṣe tóbi tó, èkejì fún bó ṣe ṣe pàtàkì tó.

Ẹ̀yin kò nílò 8,800. Ẹ kọ iṣẹ́ márùn-ún sókè: ríro ilẹ̀, dída iyẹ̀pẹ̀ kún etí odò, kíkọ́ kọnkéré, ọjà títà pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kọ ohun méje sẹ́gbẹ̀ẹ́: odò, kànga, ọ̀nà omi òjò, igi, ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, owó tó ń wọlé, àlàáfíà àwọn ará ilé tó yí i ká. Àpótí 35 ni, káàdìbọ́ọ̀dù kan tó o. Ṣe é fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí nọ́ńbà méjèèjì bá ti ju 6 lọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí i ká.

Ìdí tí nọ́ńbà fi jẹ́ méjì ni pé ipa tó kéré lè ṣe pàtàkì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo kò tóbi, ṣùgbọ́n bí kànga tí ogún ilé ń pọn bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

6. Ẹ fún wọn ní máàkì, kí ẹ sì fura sí máàkì náà

Ẹ yan ohun tí ẹ máa fi wọn ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fara mọ́ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn èèyàn á kàn máa fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà. Ẹ pín 100 láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí kálukú ṣe wúwo. Bí ẹ kò bá lè fẹnu kò, ẹ lo ọ̀nà tí Thomas Saaty gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: ẹ mú wọn ní méjì méjì, ẹ béèrè èwo ló wúwo ju èkejì lọ, láti 1, tó túmọ̀ sí ọgbọọgba, títí dé 9. Ó rọrùn fún èèyàn láti fi méjì wéra ju kó to mẹ́jọ lẹ́sẹẹsẹ lọ.

Tiwa nìyí. Owó tó ń wọlé, 30. Ààbò lọ́wọ́ omi, 30. Ìrọ̀rùn àtúnṣe, 20. Àǹfààní fún àwọn aláta, 20. Máàkì wà láti 0 sí 5, ní títò bẹ́ẹ̀ náà:

A: 5, 0, 3, 2. Ẹ sọ kálukú di púpọ̀ pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀: 150 + 0 + 60 + 40 = 250.
B: 4, 3, 2, 2. Àròpọ̀ jẹ́ 290.
D: 3, 4, 4, 4. Àròpọ̀ jẹ́ 370.
E: 1, 2, 1, 3. Àròpọ̀ jẹ́ 170.

D ló borí. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ yí ìwúwo padà wò bí ẹni tó fẹ́ràn owó yóò ṣe yí i: owó 60, omi 10, àtúnṣe 20, aláta 10. A di 380, B di 330, D di 340, E di 130. A ti gba ipò kìíní, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò yí padà, odò kò sì yí padà. Ẹni tó di ìwúwo mú ló di èsì mú. Nítorí náà ẹ fẹnu kò lórí ìwúwo kí ẹnikẹ́ni tó rí máàkì, ní gbangba, kí ìyálọ́jà wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi ìwúwo oríṣiríṣi dán èsì wò kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹ tún wo òdo tó wà nídìí A. Nínú àròpọ̀, òdo yẹn pòórá. Owó 5 bò ó mọ́lẹ̀. Àìsàn àròpọ̀ nìyẹn, ìgbésẹ̀ kẹjọ sì ni oògùn rẹ̀.

7. Owó: ẹ ṣọ́ra fún ìdá ọdọọdún

Àwọn tó mọ ìṣirò á gbé àkọsílẹ̀ èrè àti àdánù wá. Ó wúlò, kí ẹ gbà á. Ẹ kàn béèrè ìdá tí wọ́n fi dín owó ọjọ́ iwájú kù kí wọ́n tó fi wé tòní. Ẹ ká sọ pé omi yóò ba nǹkan tó tó ₦1,000,000 jẹ́ lẹ́yìn ọdún 30. Bí wọ́n bá fi 3% ṣe é, yóò dà bíi ₦412,000 lónìí. Bí wọ́n bá fi 10% ṣe é, ₦57,300. Bí wọ́n bá fi 20% ṣe é, ₦4,200 péré. Pẹ̀lú ìdá tó ga, kò sí àjálù tí kò lè di owó ìpápánu. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú ìdá mẹ́ta, kí wọ́n sì to èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ìwé kan náà.

Owó àtúnṣe náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Gọ́tà tí kò ní ẹni tó ń kó o ti di ààtàn.

8. Ẹ fa ìlà tí máàkì kankan kò lè fò

Ẹ kọ ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ kò ní fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ohunkóhun. Fún iṣẹ́ tiwa: kò gbọdọ̀ dín àyè tí omi ń gbà kù; kò gbọdọ̀ ba kànga tàbí odò tí ìlú ń lò jẹ́; kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni kúrò láìjẹ́ pé ó ti rí àyè mìíràn. Ọ̀nà tó bá tẹ ọ̀kan nínú wọn mọ́lẹ̀ ti jáde, bó tilẹ̀ gba 380. Báyìí ni A ṣe kúrò nílẹ̀.

Èyí kì í ṣe àṣejù. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa tí wọ́n ti fi ilé àti ìdọ̀tí há mọ́ kún, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Lójú àwọn tó kọ́lé sí etí rẹ̀, ilé tiwọn nìkan kékeré ni.

Robert Gibson, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà, fi òfin kan kún un tí mo rò pé ó yẹ kó wà lára ògiri gbogbo kánsù: ẹni tó bá fẹ́ kí a gba ìpalára nítorí èrè ni kó mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹni tó ń sọ pé rárá. Ó tún ní a kò gbọdọ̀ ti ìpalára ńlá sọ́dọ̀ ọmọ wa bí a kò bá tíì rí i pé ọ̀nà mìíràn gbogbo burú jù ú lọ.

Bí ọ̀nà méjì bá ṣẹ́kù, tí ọ̀kan ní àléébù díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá bí ẹ ó ṣe yẹra fún àléébù náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dín in kù. Bí ó bá kù síbẹ̀, ẹ tún un ṣe. Owó gbà-máà-bínú ló gbẹ̀yìn pátápátá.

9. Ẹ pe ìlú jọ, kí ẹ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá

Mo ti rí ìpàdé tí wọ́n pín ìrẹsì, tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì fún wákàtí méjì, tí gbogbo èèyàn fọwọ́ síwèé pé àwọn wá, tí ìwé yẹn sì padà di ẹ̀rí pé ìlú fara mọ́ iṣẹ́. Ìwé pé mo wá yàtọ̀ sí ìwé pé mo gbà. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ lẹ àtẹ àti máàkì mọ́ ògiri ọjà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, kí gbogbo yín tó wá pàdé, nítorí ọmọ kékeré kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ láwùjọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan odò, ẹ ránṣẹ́ sí ààfin Àtáọ́ja àti àwọn olùtọ́jú igbó náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá ta kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú èsì yín. Bí ẹ kò bá ní èsì, ẹ kọ bẹ́ẹ̀.

10. Ìwé ìpinnu àti ìṣọ́

Ojú ìwé méjì ti tó: ìṣòro, ọ̀nà mẹ́rin, ìdí tí a fi yan èyí tí a yàn, ìlà tí a fà, ẹni tó ta kò àti ohun tó sọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ó máa wò, ẹni tí yóò wò ó, ìgbà tí yóò wò ó. Fún D: akọ̀wé ọjà yóò wo gọ́tà ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, ìyálọ́jà yóò ka àwọn aláta tó wà nínú ọjà àti àwọn tó ṣì wà lójú títì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, akápò yóò ka owó àtúnṣe tó kù síta.

Ẹ kọ ìwọ̀n tó máa mú kí ẹ dá iṣẹ́ dúró pẹ̀lú. Bí àpẹẹrẹ, bí omi bá dúró nínú ọjà ju wákàtí mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún kan, ìgbìmọ̀ yóò padà jókòó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tẹ ìwé náà ní ẹ̀dà mẹ́rin: ọ̀kan fún kánsù, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ lándíọ́ọ̀dù, ọ̀kan fún ìyálọ́jà, èyí tó kù kí ó wà lára ògiri ọjà, nínú ọ̀rá kí òjò má bà á jẹ́.